Bí A Ṣe Ń Gbádùn Abidjan Láti Biétry

Ọ̀rọ̀ tí alága ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi ìpàdé ìparí ọdún

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a mú ọ̀rọ̀ wá fún ọdún yìí, ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tàbí ti ìwé ìrìnnà ni a óò sọ. Ìyẹn ní àkókò tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni bí ènìyàn ṣe lè gbádùn ìlú ńlá tó ń gbé. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé kí ló kan ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìgbádùn. A ní ó kàn wá gidigidi. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ní Abidjan, tó jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀: ọ̀nà ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti ọ̀nà ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Nàìjíríà. Bí àlejò bá ti ilé dé tó ní kí wọ́n mú òun wo ìlú, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń ké pè.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa iṣẹ́ tì. Iṣẹ́ ló gbé wa dé ibí. Àwọn bàbá wa tó ti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ìwó, Òffà àti àwọn ìlú mìíràn wá kò wá ṣeré. Àwọn kan wá tààrà láti ilé. Àwọn mìíràn gba Gánà kọjá, pàápàá lẹ́yìn òfin tí ìjọba Busia ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Wọ́n kiri ọjà, wọ́n pa àtẹ, wọ́n di ọlọ́jà. Owó wọn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí a fi ń yangàn ní Èjìgbò, níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ èdè Faransé láàárín ọjà bí ẹni pé Treichville ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ wa ti rí. Ilé tí a kọ́ sílé, a kì í gbé inú rẹ̀. Ìlú tí a ń gbé, a kò mọ̀ ọ́n. Láàárín méjèèjì ni ọjọ́ ayé ń bọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ya ìgbádùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìnáwó. Aṣọ ẹbí, àgọ́, olórin tí a sanwó ọkọ̀ fún láti ilé wá, owó tí a ń ná mọ́ olórin lórí, a kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà nítorí ọjọ́ kan, kò tíì gbádùn. Ìgbádùn tí àwa ń sọ kò gba owó púpọ̀. Ẹsẹ̀, ojú àti àkókò díẹ̀ ló gbà. Ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀ nínú ohun tí àwa tí a ń gbé Biétry máa ń ṣe.

Ìkínní: ìrìn òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú

Biétry wà nínú Marcory, lórí erékùṣù Petit-Bassam, níbi tí Treichville, Marcory àti Koumassi jọ wà. Omi ọ̀sà ló yí wa ká. Síbẹ̀ a rí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí kò mọ̀ pé orí erékùṣù ni òun ń sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó kún Boulevard de Marseille, a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ òpópónà náà lọ sí apá Zone 4, a ó sì rọra padà. Ibi tí a ń sáré kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ ni a ń fara balẹ̀ wò: ilé olówó tí ọgbà rẹ̀ dé etí omi, ilé oúnjẹ àwọn Faransé, ti àwọn ará Lẹ́bánónì, àti ìyá kékeré tó gbé ìkòkò kaná ní ẹ̀gbẹ́ wọn.

A kò ní parọ́ fún yín pé òórùn ọ̀sà Biétry dára nígbà gbogbo. Omi ìdọ̀tí ilé àti ti ilé iṣẹ́ ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ mìíràn ènìyàn á di imú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rìn létí omi ló ń mọ̀ pé omi náà ń bàjẹ́. Òun náà ni kò ní gbá ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sínú gọ́tà mọ́.

Nígbà mìíràn a máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Vridi láti wo ọkọ̀ ojú òkun tó ń gba ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ wọlé. Ọdún 1950 ni wọ́n là á láti so òkun pọ̀ mọ́ ọ̀sà, òun ló sì sọ Abidjan di èbúté ńlá. Kọ̀nténà tí a fi ń sùn tí a fi ń jí, tí a ń dúró dè ní èbúté, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ọmọ tó bá dúró níbẹ̀ wo ọkọ̀ ńlá kan kọjá yóò mọ ibi tí ọjà bàbá rẹ̀ ti ń wá. Yóò sì mọ ìdí tí bàbá rẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó dé ilé.

Ìkejì: ọkọ̀ ojú omi àti àwọn afárá

Ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rù omi. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kì í bẹ̀rù ọ̀sà. SOTRA, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ní ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéra láti Treichville lọ sí Plateau, sí Blockhauss ní Cocody, àti sí Abobo-Doumé. Láti 2017 ni àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni náà ti gbé ọkọ̀ tiwọn wọ inú ọ̀sà. Nígbà tí gbaka àti takisí bá dúró gbagidi lórí afárá, tí àwọn awakọ̀ ń bú ara wọn, ẹ̀yin yóò máa gba abẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú atẹ́gùn lójú. Láti orí omi ni ojú Abidjan ti dára jù lọ.

A máa ń ní kí àwọn ọmọ ka afárá fún wa. Ní 1931, afárá tó léfòó lórí omi ni wọ́n kọ́kọ́ ní. Ní 1957 ni afárá Houphouët-Boigny dé, tí mọ́tò ń gba òkè rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ìsàlẹ̀. Ti De Gaulle tẹ̀ lé e ní 1967. Ní oṣù kejìlá 2014 ni wọ́n ṣí afárá Henri Konan Bédié, tó so Marcory tiwa mọ́ Riviera. Kó tó dé, ẹni tó ń ti Biétry lọ sí Riviera gbọ́dọ̀ gba Plateau yí ká. Ní oṣù kẹjọ 2023 ni wọ́n ṣí èyí tó so Plateau mọ́ Cocody, tí iná rẹ̀ ń tàn lálẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìtàn ìlú nìyẹn, tí a kà láìṣí ìwé lọ́wọ́. Kìkì pé kí ẹ wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò, ẹ má sì wọ ọkọ̀ tó ti kún ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìkẹta: oúnjẹ àti àwọn tí a jọ ń jẹ ẹ́

A mọ̀ pé àmàlà àti ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì wà nílé. Ẹ máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Abidjan tí kò mọ attiéké dáadáa, ìyà ń jẹ ẹ́ ni. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni. Àwa rin ín, a fún un, a yan án, ó di gàrí. Àwọn ìyá tó ń gbé etí ọ̀sà fi oru omi sè é, ó di attiéké. Ní oṣù kejìlá 2024, àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe attiéké mọ́ àwọn ohun ìní àjogúnbá aráyé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú tín-ínrín wo obìnrin tó gbé abọ́ rẹ̀ lórí kọjá. Garba ńkọ́, attiéké pẹ̀lú ẹja díndín, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀? Orúkọ mínísítà kan nígbà àwọn ọdún 1970, Dicoh Garba, ni wọ́n fi pè é. Alloco kò yàtọ̀ sí dòdò wa. Ẹja sísun pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tòmátì tútù ní maquis àdúgbò, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, a kò rò pé ó nílò àlàyé.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ ni ẹni tó jókòó ti ẹni. Ní tábìlì maquis ni a ti ń bá mẹkáníìkì Baoulé, ọlọ́dẹ tó ti Burkina Faso wá, aránṣọ ará Gánà àti oníṣòwò Dioula pàdé. Ẹni tí a ń kí “bonjour” lásán fún ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan tí a jọ jẹun, ó ti di ẹni tó mọ orúkọ ọmọ wa. Nígbà Iléyá, ẹ gbé ẹran lọ fún wọn. Nígbà Kérésìmesì, ẹ ó rí i pé abọ́ yín kò ní padà lófìfo.

Ẹ rántí ọdún 2011. Nígbà tí ìjà lẹ́yìn ìbò dé Abidjan, tí ọjà tì, tí ọ̀nà dí, tí ìbọn ń dún, kì í ṣe ẹbí wa ní Nàìjíríà ló fún wa ní omi mu. Wọ́n ń gbàdúrà fún wa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n aládùúgbò ló ń kan ilẹ̀kùn pé, “Tonton, ẹ má jáde lónìí o.” Aládùúgbò ló pín ìrẹsì tó kù sí méjì. Ẹni tó ti bá wọn jẹun ṣáájú ni wọ́n kọ́kọ́ rántí. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn kan ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro.

Ìkẹrin: Plateau nígbà tí kò sí èrò

Láàárín ọ̀sẹ̀, Plateau jẹ́ ibi ìwé, ibi báńkì, ibi ìlàágùn. Lọ́jọ́ Àìkú, òpópónà rẹ̀ dákẹ́. A lè wo La Pyramide tí Rinaldo Olivieri, ará Ítálì, yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n kọ́ parí ní 1973. A lè wo kàtídírà Saint-Paul, iṣẹ́ ará Ítálì mìíràn, Aldo Spirito, èyí tí Póòpù John Paul Kejì wá yà sí mímọ́ ní oṣù kẹjọ 1985. Mùsùlùmí àti Kristẹni wa ni a jọ ń lọ wò ó. Wíwo kò yí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni padà.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Musée des Civilisations wà ní Plateau bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ohun inú rẹ̀ lọ nígbà ìjà 2011, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n tún un ṣí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan fún yín tí ẹni tó mọ gángan àti dùndún yóò tètè lóye. Àwọn Ébrié, tí wọ́n ni ilẹ̀ tí a ń gbé yìí, ní ìlù ńlá kan tó ń sọ̀rọ̀, tí ń jẹ́ Djidji Ayôkwé. Ó gùn ju mítà 3 lọ. Òun ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí abúlé sí abúlé, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ní 1916, ìjọba amúnisìn Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbé e lọ sí Faransé lẹ́yìn náà. Ní oṣù keje 2025 ni ilé aṣòfin Faransé fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n dá a padà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwa tí ìlù ń kì lóríkì láti kékeré, a mọ ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ ìlú. Bí ẹ bá bá Ébrié kan sọ ọ̀rọ̀ ìlù yìí, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ti tàn.

Ìkarùn-ún: orin

Ìdí ilé wa ni Anoumabo wà, abúlé Ébrié nínú Marcory. Ibẹ̀ ni àwọn Magic System ti jáde, àwọn tí orin wọn gba ayé kan láti 1999. Wọn kò sì gbàgbé ilé. Ní 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin FEMUA níbẹ̀, wọ́n sì ń ti ara rẹ̀ kọ́ ilé ìwé. Lórí pèpéle rẹ̀ ni Papa Wemba ti Kóńgò ti ṣubú lulẹ̀ tó sì kú, ní 24 oṣù kẹrin 2016. Àwọn ọmọ wa mọ ìgbà tí àjọ̀dún náà máa ń bọ̀. Ẹ má kàn máa sọ fún wọn pé “ariwo ni.” Ẹ tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará ibí ní ọ̀rọ̀ kan, “gaou,” fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là sí ìlú. Lẹ́yìn ogún ọdún, kò yẹ kó kù tiwa nínú rẹ̀.

Ìkẹfà: bọ́ọ̀lù

Èyí gba kí a dúró díẹ̀. Ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbá níbí ní oṣù kìíní sí oṣù kejì 2024 dán wa wò. Ní 18 oṣù kìíní, ní pápá Ebimpé, Nàìjíríà na Côte d'Ivoire ní 1–0. Ní ọjọ́ kẹrin sí i, Equatorial Guinea tún fi 4–0 nà wọ́n. Ìlú dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Wọ́n lé olùkọ́ni wọn, wọ́n fi Emerse Faé sípò, wọ́n sì rá pálá bọ́ sí ìpele tó kàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí dìde: wọ́n borí Senegal, wọ́n borí Mali, wọ́n borí Kóńgò. Ta ni wọ́n tún bá ní ìparí? Àwa ni.

Ìbẹ̀rù wà lọ́kàn àwọn àgbà, ó sì ní ìdí. Ní 1993, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ASEC ti ibí àti Kotoko ti Gánà, wọ́n kọ lu àwọn ará Gánà ní Abidjan, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nítorí náà, kí ọjọ́ ìparí tó dé, a bára wa sọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ti ara rẹ̀ mọ́lé. Kí a wo bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú aládùúgbò wa, kí a gbé oúnjẹ dání, kí ẹni tó bá pàdánù bá ẹni tó borí yọ̀.

Ní 11 oṣù kejì ni wọ́n gbá a. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà. Àwa bàbá fò sókè, àwọn ọmọ tí a bí níbí sì ń wò wá ní ìwòkuwò. Kessié dá a padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Haller fi ẹsẹ̀ kan án, ó di 2–1. Ẹ̀yin ènìyàn wa, nínú ilé kan náà, bàbá ń mí kanlẹ̀, ọmọ ń jó! A ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọ wa kò kọ Nàìjíríà sílẹ̀. Wọ́n ní ilé méjì ni. Àwa tó ń pe ibí ní ibi iṣẹ́ nìkan ló ní ilé kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn aládùúgbò wá kí wa kú àdánù pẹ̀lú ẹ̀rín, a sì bá wọn jó. Ilẹ̀ mọ́, kálukú ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìkeje: Bassam

Bí owó ọkọ̀ bá wà, ọkọ̀ Grand-Bassam ń gbéra ní Treichville. Ìlú yẹn ni olú ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn Faransé ní níbí, láti 1893 títí di 1900. Ibà apọ́njú ló lé wọn kúrò. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé láti 2012. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bèèrè ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1949, àwọn obìnrin fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti béèrè pé kí wọ́n tú àwọn ọkùnrin tí ìjọba amúnisìn tì mọ́lé sílẹ̀. Ẹni tó mọ ìtàn àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta láyé ìgbà kan náà yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni gbogbo wa.

Ẹ jókòó sí etí òkun, ẹ mu omi àgbọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wọ inú rẹ̀. Òkun ibẹ̀ lágbára, ó ń fa ènìyàn lọ. Ní 13 oṣù kẹta 2016, àwọn apániláyà pa ènìyàn ní etí òkun náà. A máa ń dúró díẹ̀ rántí wọn kí a tó jẹun.

Ìkìlọ̀ àti ìpinnu

Ẹ má yáwó ṣe ìgbádùn. Ẹ fi fóònù pamọ́ láàárín èrò. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Òótọ́ ni pé láti 2007 ni ìjọba ti yọ ọ̀rọ̀ káàdì ìgbélùú kúrò lọ́rùn àwa ọmọ ilẹ̀ CEDEAO, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ kò lè sọ ẹni tí òun jẹ́.

Àbá tí a gbé wá síwájú yín nìyí. Kí ẹgbẹ́ ya ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a jọ lọ sí ibi kan nínú ìlú. Kí àpótí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ àwọn opó àti àwọn àgbà tí kò ṣòwò mọ́, nítorí àwọn ni wọ́n ń jókòó sínú yàrá láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kí àgbà kọ̀ọ̀kan ní ọmọ kan tí yóò dì í lọ́wọ́ mú. Ọmọ ni yóò fi ọ̀nà hàn, àgbà ni yóò sọ ìtàn bí a ṣe dé ibí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Òótọ́ ni pé àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Gbogbo wa la ó padà, lọ́nà kan tàbí òmíràn, Ọlọ́run yóò sì jẹ́ kó jẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi wá nílé pé báwo ni Abidjan ṣe rí, kí a má ṣe ní ìdáhùn kan ṣoṣo, pé ọjà ń tà níbẹ̀. Kí a lè sọ bí afẹ́fẹ́ orí ọ̀sà ṣe rí, orúkọ àwọn tí a jọ jẹun, àti ibi tí àwọn ọmọ wa ti jó.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú tó gbà wá, kó má gbàgbé ìlú tó bí wa. Ọdún tí a ń wọ̀ yìí, a kò ní fi ṣọ̀fọ̀ o.